Ìpè Tí Mísì Fò

Orúkọ mi ni Olive Garrod. Èmi ni mò ń fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà ní abúlé wa, Hollesby, àti ní àwọn oko tó yí i ká, nítorí náà kò sí ẹnu ọ̀nà tí n kò mọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ajá tí kò tíì gbó mi rí. Ṣùgbọ́n n kò ka lẹ́tà pínpín sí iṣẹ́ mi. Agogo ni iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn olókùúta ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí mo ń lọ di okùn agogo kẹrin mú. N kò lọ́kọ, n kò bímọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi ayé mi ṣe, okùn yẹn ni màá nàka sí.

Baba Enoch Thurkettle ló kọ́ mi. Káfíńtà ni, òun sì ni olórí àwa alágogo. Agogo kẹjọ, èyí tó tóbi jù, ni òun fúnra rẹ̀ ń fà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí èèyàn bá fa okùn dáadáa, yóò mi orí lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá dáa, yóò wolẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń wá orí mímì yẹn kiri.

Agogo mẹ́jọ ló wà lókè, ẹnì kan sí okùn kan. A kì í fi wọ́n kọrin. Ńṣe là ń lù wọ́n ní títò, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, lẹ́yìn náà a ó yí ìtò náà padà, a ó tún un yí, tibí á sún síwájú, tọ̀hún á sún sẹ́yìn, títí wọn yóò fi padà sí bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá padà bẹ́ẹ̀, a ó ní agogo ti délé. Lílù ńlá, èyí tí gbogbo alágogo ń lálàá rẹ̀, máa ń gbà tó wákàtí mẹ́ta láìdúró. Ìtò ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ogójì ni, òfin rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ìtò kan kò gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ṣoṣo láàárín wa ló ń há gbogbo ọ̀nà náà sórí, tí yóò máa fi ẹnu pe ibi tí a ó ti yà. Òun ni olùpè. Bó bá pè, a ó yà. Bí kò bá pè, a ó máa lọ tààrà.

Láti ìgbà tí bàbá Baba Enoch ti kú, ẹnikẹ́ni kò tíì pe lílù ńlá ní Hollesby. Bàbá yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀nà náà sínú ìwé pélébé kan. Baba Enoch yá mi ní ìwé náà nígbà kan, mo dà á kọ, mo sì há a sórí lórí kẹ̀kẹ́, ìpè kan sí òkè kan, ìpè kan sí afárá kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gbà pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò ní, Olive, ó yá, pè é.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1960 ni tíṣà tuntun dé sí ilé ìwé wa láti ìlú Norwich. Beatrix Lowther lorúkọ rẹ̀. Mísì ni àwọn ọmọ ń pè é, kò sì pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, irun rẹ̀ pupa, ó ga, gbogbo ara ló fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ń fa agogo láti kékeré. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ tó wá bá wa, agogo keje ni wọ́n fún un, ó sì fà á bí ẹni ń gbọn aṣọ ìnura. Baba Enoch mi orí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á.

Percy Ling alápatà, ẹni tí agogo kẹta wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi, rí ojú mi. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ó ní, "Olive, ṣọ́ra ẹ o. Mísì yìí máa gba bàbá mọ́ ẹ lọ́wọ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Mísì kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó gbéra ga ni, ọ̀rọ̀ ìbá rọrùn. Àǹtí Olive ló ń pè mí láti ọjọ́ kìíní. Bí òjò bá bá mi lọ́nà, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò ní kí n wọlé wá mu tíì. N kò wọlé rí. Ilé rẹ̀ ni àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà mi láràárọ̀, mo sọ ọ́ di ìkẹyìn. Màá gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ nínú àpò, màá wá padà wá jù ú sílẹ̀ lọ́sàn-án. Bí mo bá rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lára ọgbà Baba Enoch, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ pé ó ń se ọbẹ̀ lọ fún un. Mo se tèmi náà lọ. Baba jẹ méjèèjì, ó dúpẹ́, ó wá ní iyọ̀ ti Mísì pọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ni mo fi sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí a ti so okùn rọ̀, Baba Enoch ní kí a dúró ná. Ó sọ fún wa pé ní oṣù kẹwàá, agogo ńlá yóò pé igba ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́. Ó ní dókítà ti yẹ ọkàn òun wò, kò sì fẹ́ràn ohun tó gbọ́ níbẹ̀, nítorí náà bí òun yóò bá lu lílù ńlá kan kí òun tó kú, ọdún yìí ni. Mo ti ń yọ́ síwájú. Ó wá ní Mísì ni yóò pè é.

Mo tẹ̀ lé Baba dé ìdí ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú.

"Baba, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti mọ nǹkan yìí sórí. Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀. O mọ̀ ọ́n jù ú lọ." Ó di ọgbà mú, ó ń mí gúlegúle. "Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣi okùn fà, wàá jágbe mọ́ ọn, ọwọ́ gbogbo wa á wá máa gbọ̀n. Bí Mísì bá wà níbẹ̀, ara máa ń tu àwọn èèyàn. Olive, èèyàn ló wà lórí okùn, kì í ṣe ìwé."

Òtítọ́ ni. Òtítọ́ náà ni kò jẹ́ kí n lè dárí jì í.

Ní Sátidé kejì oṣù kẹwàá, ní aago méjì ọ̀sán, a gòkè. Baba Enoch bọ́ kóòtù, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mísì wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ṣìnà, kó wo òun, òun á tọ́ ọ padà. A bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì dúró sáàárín irú rẹ̀ tí yóò mọ bó ṣe rí. Ilé gogoro náà ń mì díẹ̀díẹ̀ bí igi tí atẹ́gùn ń fẹ́, o kò gbọ́ ohùn agogo tó bẹ́ẹ̀, ara okùn lo ti ń mọ̀ ọ́n. Ojú Baba Enoch dàbí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin. Mísì ń pè, ohùn rẹ̀ balẹ̀, a ń yà. Èmi náà ń pè é nínú mi pẹ̀lú rẹ̀, ìpè kan sí òkè kan, ìpè kan sí afárá kan. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa débi pé mo ń dúró dè é kó tó dé.

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a dé orí ìpè kan, Mísì kò sì pè é.

Ó fò ó. Ó kàn kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó tòrò, a sì ń lọ tààrà níbi tó yẹ ká ti yà. Ẹlòmíràn kò mọ̀, nítorí pé agogo kò dàrú, olúkúlùkù wà ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí a ti rìn kọjá tẹ́lẹ̀ la ń padà sí. Mo gbọ́ ìtò tí a ti lù kí aago mẹ́ta tó lù, mo tún gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Òfin ti bàjẹ́.

Ẹnu mi là. Gbólóhùn kan péré ni ìbá gbà: Mísì, o fò ó. À bá dúró, à bá mu omi, à bá padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo ń wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Baba Enoch láti orí okùn keje, tí Baba ń rẹ́rìn-ín padà. Mo pa ẹnu mi dé. N kò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn. Mo ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, títí aago márùn-ún, títí agogo yóò fi kọ̀ tí kò ní délé, kí gbogbo wọn fi ojú ara wọn rí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi.

Agogo délé. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, Mísì tún ṣe àṣìṣe kejì, ó pe ìpè kan níbi tí kò yẹ, àṣìṣe kejì sì gbé wa padà sójú ọ̀nà bí ìgbà tí ẹni tó ṣubú sọ́tùn-ún bá tún ta gẹ̀ẹ́ sósì. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni agogo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà sí títò ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró. Gbogbo ilé dákẹ́. Baba Enoch fi orí lé okùn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, a ò kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹkún ló ń sun. Percy gbé Mísì sókè bí ẹran. Mísì wá dì mọ́ mi. Mo fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò ní. Bí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, màá máa pọ́n ọn lá. Wọ́n ń yìn ín ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń yìn ín ní ilé ọtí, Fíkà, àlùfáà wa, mẹ́nu kàn án nínú ìwàásù, wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn alágogo, èmi ń gbọ́, mo ń mi orí, mo ń sọ nínú mi pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Mo rò pé ìyẹn yóò pa iná tó ń jó mi. Ńṣe ló ń bu epo sí i. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó sọ ọ́.

Baba Enoch bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Lóṣù kọkànlá, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ó jókòó nílé, ó sì fi gbogbo agbára tó kù fún un ṣe pátákó ìrántí kan, ó ré e, ó dán an, ó fín orúkọ àwa mẹ́jọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo mú lẹ́tà lọ fún un lọ́jọ́ kan, ó pè mí wọlé kí n wá wo orúkọ mi. Ó fi ìka tọ ọ́ fún mi. Lábẹ́ gbogbo orúkọ náà ló kọ ọ́ sí pé Beatrix Lowther ló pè é. Mo ní ó dára. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi jáde níbẹ̀, n kò sì rántí fi lẹ́tà sílẹ̀ fún un.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kejìlá, a gbé pátákó náà kọ́ sí ara ògiri ilé agogo, a wá lọ jẹun ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Páì ẹlẹ́dẹ̀ wà, bíà wà, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì yan kéèkì. Wọ́n fi aṣọ òtútù bo Baba Enoch lẹ́sẹ̀ nítòsí iná. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí Mísì wá. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìwé pélébé tí bàbá rẹ̀ kọ jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó ní òun kò bímọ tó lè fa agogo. Pé ọmọ òun nìyí.

Mo dìde, mo kó ife, mo gba ilé ìdáná lọ. Mo ń fọ ife tí kò dọ̀tí. Mísì wọlé wá bá mi, ó mú aṣọ tí a fi ń nu abọ́, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún ayọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé èmi ló tọ́ sí láti gba ìwé yẹn, pé òun fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ máa lò ó.

Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, bóyá ǹ bá dákẹ́. Àánú rẹ̀ ló là mí lẹ́nu.

Mo ní, "O fo ìpè kan ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn ìyẹn, o pe òmíràn níbi tí kò yẹ. A lu ìtò tó lé ní igba lẹ́ẹ̀mejì. Lílù yẹn kì í ṣe lílù. Pátákó yẹn, irọ́ ni."

Ó wò mí. Kò bá mi jà, kò pè mí ní òpùrọ́. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ṣí ìwé náà, ó mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Mo ti ń retí ojú yẹn fún ọ̀sẹ̀ méje, nígbà tí mo sì rí i, kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó padà sínú gbọ̀ngàn. Mo rò pé yóò wá kóòtù rẹ̀ lọ sílé ni. Ó dúró láàárín wọn, ó ní òun bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ̀nà náà yẹ̀ wò ni, òun sì rí i pé òun ṣìpè lẹ́ẹ̀mejì nítòsí ìdajì ọ̀nà, pé lílù náà kò pé, pé òun yóò kọ̀wé sí ìwé ìròyìn láti yọ ọ́ kúrò, pé kí wọ́n dárí ji òun. Kò dárúkọ mi.

Percy ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mísì, ká ní èmi ni, mi ò ní sọ fún ajá pàápàá." Ẹ̀rín bú, ẹnì kan pàtẹ́wọ́, Fíkà dìde lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìtìjú tí mo gbẹ́ sílẹ̀ fún un ti di ìyìn. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, owú gùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé n kò lè ṣe ohun tó ṣe yẹn láé.

Baba Enoch nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí.

"Olive, máa bọ̀."

Mo lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Ìwọ mọ ọ̀nà yẹn sórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?"

Mísì sáré dá sí i, ó ní òun ni òun rí i fúnra òun. Baba Enoch kò wo ibi tó wà. Ó ń dúró de ẹnu mi. Mo lè purọ́. Mo lè ní àná ni mo mọ̀. N kò mọ ohun tó mú mi sọ òtítọ́, bóyá nítorí pé òun ló kọ́ mi.

"Lójú ẹsẹ̀," ni mo wí. "Nídìí okùn."

Percy gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ká ní o sọ ọ́, à bá dúró," ni Baba Enoch wí. Kò gbé ohùn sókè. "À bá tún un lù ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo ṣì lágbára nígbà yẹn, Olive. Mo ṣì lè gòkè." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí aṣọ òtútù. "O dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀, ò ń wò mí tí mò ń fa agogo yẹn lásán."

N kò ronú kan èyí rí. Mo fi Ọlọ́run búra. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ méje yẹn, Mísì nìkan ni mo ń rò. N kò rántí pé Baba wà nínú ilé náà.

Mo lọ sílé. N kò gun ilé agogo ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Percy tú pátákó kúrò, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Wọ́n ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Ọmọ Percy ló ń fa agogo kẹrin ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó fà á. Màá jókòó sórí ibùsùn mi, màá máa gbọ́ bó ṣe ń pẹ́.

Ní oṣù kẹta, Mísì wá kan ilẹ̀kùn mi. Kò dúró kí n ní kó wọlé. Ó jókòó, ó ní òun ti bínú sí mi gan-an, pé ó ṣì kù díẹ̀ nínú òun.

"Àǹtí Olive, ṣé ẹ kórìíra mi ni?"

"Mi ò kórìíra ẹ. Owú ẹ ni mò ń jẹ."

"Kí ló wà lára mi tẹ́ ẹ fi ń jowú mi?"

"Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ dé, Baba mi orí sí ẹ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó sì ṣíwọ́. Ó ní a ó tún lílù ńlá lù lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, pé ẹnì kan ń bọ̀ láti abúlé kejì wá fa agogo Baba, pé kí n wá mú okùn mi. Mo ní rárá. Okùn yẹn kò tíì tọ́ sí mi. Ó ní ó dáa, kí n wá jókòó pẹ̀lú Baba nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kí n máa yẹ ìpè òun wò ní ìkọ̀ọ̀kan, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn ní Hollesby tó lè ṣe é. Inú mi kò fẹ́. Mo gbà.

Nígbà tí ọjọ́ lílù náà pé, a gbé Baba Enoch jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ibojì, pẹ̀lú aṣọ òtútù méjì. Láti oṣù kejìlá, kò tíì bá mi sọ ju káàárọ̀ lọ. Agogo bẹ̀rẹ̀ lókè. Èèyàn kì í gbọ́ ohùn olùpè nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí agogo bá yà, mo mọ̀ pé ó ti pè é, màá fa ìlà kan. Baba ń wo ọwọ́ mi. Bí a ṣe ń súnmọ́ ibi tí Mísì ti fo ìpè nígbà náà, mo tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ ìwé. Kí n sọ òtítọ́: mo fẹ́ kó fò ó. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, lójú Baba tó jókòó tì mí, mo ṣì fẹ́ ẹ. Agogo yà. Mo fa ìlà.

Aago márùn-ún lọ díẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. Àwọn ẹyẹ tó ti fò kúrò lórí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Baba Enoch ní, "Ṣé ó pé?"

Mo wo ìwé náà. Ọwọ́ mi ló wà. Bí mo bá ní kò pé, ta ni yóò bá mi jiyàn? Mo tún un wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá màá rí nǹkan kan.

"Ó pé, Baba. Kò fo ìkankan."

"Ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyẹn sì di ikọ́. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó ní, "Gòkè lọ sọ fún wọn."

Mo gun àtẹ̀gùn náà. Wọ́n wà níbẹ̀, òógùn bò wọ́n. Ìwé ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ń wò. Mo sọ fún Mísì pé ó pé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó bo ojú. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, n kò mọ̀ bóyá kí n padà sísàlẹ̀ tàbí kí n wọlé. Percy ń fi aṣọ nu ọrùn. Ó ní kí n má wulẹ̀ dúró síbẹ̀ bí ẹni mú lẹ́tà wá, kí n ti ilẹ̀kùn, pé atẹ́gùn ń wọlé.

Mo wọlé, mo tì í.